Apá Ta Lo Fi Wọ̀n Ọ́n?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: kẹ̀kẹ́ kò ṣòro gùn. Àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn ló ṣòro. Ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á ki ọwọ́ bọ àpò, á sì máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tẹ pẹ́dà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo jẹ́ kí n tó kọ́ ọ, nítorí náà ojú mi rí nǹkan, etí mi sì gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aránṣọ ni mí. Ọkọ mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń lò. Bí ẹ bá wọlé, ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, pẹ̀lú dígí gígùn àti tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Ọwọ́ òsì ni àwọn kẹ̀kẹ́ tó dojú délẹ̀, àwọn táyà tó kọ́ ara ògiri, àti òórùn gíríìsì. Ìlà funfun kan tí mo fi ṣọ́ọ̀kì fà ló pín ilẹ̀ sí méjì, ọkọ mi sì mọ̀ pé ọwọ́ aláìfọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀.

Òfin kan tún wà tó ju ìlà yẹn lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá sí iṣẹ́ ẹnì kejì. Ọdún kejì ìgbéyàwó wa la ṣe é. Mo ní táyà kan wọ́, òun náà ní kọ́là kan wọ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti sọ pé kẹ̀kẹ́ dára, ó dára nìyẹn. Bí mo bá ti sọ pé ṣòkòtò bá a mu, ó bá a mu nìyẹn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń jẹ àlàáfíà òfin yìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni àdúgbò ń pe ọkọ mi. Kì í ṣe pé ó kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè yá páńpù lọ́wọ́ rẹ̀ kó má gba ẹ̀kọ́ mọ́ ọn. Á ní táyà tó rọ̀ ń jẹ agbára ẹni lásán, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo àárọ̀. Á ní ṣéènì tó ń ké ń bẹ̀bẹ̀ fún epo, ẹ dá a lóhùn, àmọ́ ẹ nu àṣẹ́kù rẹ̀ kúrò kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Á ní ẹni tó bá ra akoto rèǹtèrente tí kò bá orí rẹ̀ mu, fìlà ló rà. Èmi máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tèmi, màá máa tẹ ẹ̀rọ mi lọ. Kò kàn mí.

Ọjọ́ tí wọ́n ti afárá ló wá kàn mí.

Òdìkejì odò ni ọmọ wa kan ṣoṣo ń gbé. Ọ̀sẹ̀ tó bí àkọ́bí rẹ̀, obìnrin, ni àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé irin abẹ́ afárá ti ń jẹra. Wọ́n ní ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba orí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, àfi ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Bí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀ yí odò ká, wákàtí mẹ́ta ni. Bí mo bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni, orúnkún mi ọ̀tún á sì fi gbogbo ọjọ́ kejì gbẹ̀san. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń lè lọ. Ọkọ ọmọ mi sì wà lójú omi. Ibi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló wà, oṣù mẹ́rin kó tó dé.

Ọmọ mi kì í ráhùn. Baba rẹ̀ ló jọ níbẹ̀, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n ìgbà kẹta tí mo lọ, mo bá aṣọ ọmọ nínú fíríìjì, mo bá agolo wàrà láàárín àwọn aṣọ. Ọmọ mi ń rìn kiri pẹ̀lú bàtà kan, ó ń wá ìkejì, ìkejì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí ìkókó, ó wò mí tìyanutìyanu, ó sì figbe ta bí ẹni rí àjèjì. Èmi! Ìyá ìyá rẹ̀! Aládùúgbò tó wá gba ṣúgà gbé e, ó dákẹ́ wẹ́lo. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun. Mo fẹsẹ̀ rìn padà dé ṣọ́ọ̀bù, n kò tíì jókòó tí mo fi sọ fún ọkọ mi pé, "Ẹ kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ máa lọ lójoojúmọ́."

Inú rẹ̀ dùn débi pé tíì rẹ̀ tutù sórí tábìlì. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń bẹ̀ mí. Ọjọ́ méjì ló fi to kẹ̀kẹ́ náà: aláwọ̀ búlúù, irin àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí n má bàa gbé ẹsẹ̀ ga, jíà méje, ibi ìgbẹ́rù lẹ́yìn, nítorí ó ní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n dá fún ẹrù, kì í ṣe ẹ̀yìn èèyàn. Ó so agogo mọ́ ọn. Ó wọ̀n ìjókòó rẹ̀, ó dè é pinpin, ó ní, "Ó ti parí. Ó bá ọ mu." Mo dúpẹ́. Òfin ni.

Àgbàlá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn wa la ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Ó di ẹ̀yìn ìjókòó mú, ó ń sáré tẹ̀ lé mi, ó ń wàásù. "Má wo táyà! Ibi tí ojú rẹ bá wà ni kẹ̀kẹ́ ń lọ." Mo gbójú sókè, mo rí igi kan, mo wò ó. A sì bá igi pàdé. Ó ní, "Bíréèkì ẹ̀yìn ni kó ṣáájú, kí tiwájú tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá gbá tiwájú mú nìkan, á ṣáájú kẹ̀kẹ́ ẹ̀ délé." Ìyẹn náà, mo dán an wò. Ohun tó kanlẹ̀ lára mi lọ́jọ́ náà ju ẹsẹ̀ lọ.

Agẹrun tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa kò fẹ́ kí wọ́n yọ òun sílẹ̀. Kò gun kẹ̀kẹ́ rí. "Ìyá, ẹ di èémí yín mú," ló wí. "Ẹni tó bá ń mí ló ń mì." Mo di èémí mú yí àgbàlá po lẹ́ẹ̀mejì, ojú mi ṣú, mo sì jókòó sílẹ̀ láàárín iyanrìn. Mo ní kó lọ máa gẹ orí àwọn èèyàn rẹ̀, kó fi tèmi sílẹ̀ lọ́rùn mi.

Ibi tí mo ti fi hàn pé èmi náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ ni ọ̀rọ̀ aṣọ. Síkẹ́ẹ̀tì àti ṣéènì kì í ṣọ̀rẹ́, mo ti mọ ìyẹn láti ọjọ́ kejì, nígbà tí ṣéènì jẹ èyí tó dára jù nínú tèmi. Mo wá jókòó, mo ronú sí i. Ṣòkòtò tí gbogbo ayé ń wọ̀, gbogbo ojú rírán rẹ̀ ló máa ń pàdé láàárín ẹsẹ̀, níbi tí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ń jókòó lé gan-an. Ta ló fẹ́ jókòó lórí kókó? Mo gé aṣọ onígun mẹ́rin kan sí ibẹ̀, mo lé gbogbo ojú rírán sí ẹ̀gbẹ́. Mo gbé ẹ̀yìn ìbàdí ga díẹ̀, kí aráyé má bàa rí ohun tí kò kàn wọ́n nígbà tí mo bá tẹ̀ síwájú. Mo fi bọ́tìnnì mú ẹsẹ̀ ọ̀tún kí ṣéènì má rí i jẹ. Bí mo ti wọ̀ ọ́ jáde báyìí, ọkọ mi wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ó dára." Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Òfin ni.

Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kẹwàá, mo lè lọ, n kò lè dúró. Bí mo bá ń tẹ pẹ́dà, ìbàdí mi á máa fì sọ́tùn-ún sósì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi á máa lé pẹ́dà lọ sísàlẹ̀. Bí mo bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ mi á wá ilẹ̀ títí, kò ní rí i, màá sì dùbúlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àpò ìrẹsì tí ẹnì kan fi ti ògiri. Mo ní, "Bàbá, ó jọ pé mo jìnnà sílẹ̀ jù." Ó mi orí. "Kẹ̀kẹ́ náà pé. Ara rẹ ló le. Kó o fara balẹ̀."

Kẹ̀kẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Mo gbà á gbọ́. Mo gbà pé ara mi ló le, pé ọjọ́ ogbó ti dé, pé àwọn obìnrin tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ kọjá lójú títì ní nǹkan kan tí n kò ní. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mi pè. Ó ní òun sùn lórí ìdúró nígbà tí omi ìwẹ̀ ìkókó ń dà, omi sì kún ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Mọ́mì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ náà ti tó." Mo mọ̀ pé kò tó. Mo wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì tí àwọn oníbàárà mi ti ń wọ aṣọ wò, mo sì sunkún dáadáa, nítorí kò sí ohun tó dun ìyá tó kí ọmọ rẹ̀ máa tù ú nínú nígbà tó jẹ́ pé ọmọ náà ló nílò ìtùnú.

Ọjọ́ kejì, Sátidé, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ń wọ̀n ìjókòó kẹ̀kẹ́ oníbàárà kan. Bó ṣe máa ń ṣe é nìyí: á gbé orí ọmọ ìka ọwọ́ lé àárín ibi tí pẹ́dà ti ń yí, á na apá rẹ̀ gbọọrọ lọ sókè, ibi tí abíyá bá dé ni ìjókòó gbọ́dọ̀ wà. Ọgbọ́n tó dára ni, nítorí gígùn apá èèyàn sábà máa ń bá ti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo ti rí i tó ń ṣe é ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Ó kàn jẹ́ pé lọ́jọ́ yìí mo ní téèpù lọ́rùn, ọkàn mi sì wà lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n.

Mo ní, "Apá ta lẹ fi ń wọ̀n ọ́n yẹn?"

"Apá mi ni."

"Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Ó ti lọ síbi iṣẹ́. Mo ti wò ó. Ó fi ìka méjì kúrú sí mi, màá fi ìka méjì gbé e wálẹ̀. Bí mo ṣe ń wo gbogbo wọn nìyẹn. Ojú mi kì í tàsé."

Mo dá ẹ̀rọ dúró. "Èmi ńkọ́? Ìka mélòó lẹ yọ nígbà tẹ́ ẹ wò mí?"

Ó wo kẹ̀kẹ́ búlúù náà, ó wo èmi, ó tún wo kẹ̀kẹ́. "Ìwọ?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mi ò wò ọ́. Mo kàn wọ̀n ọ́n ni. Èèyàn ń wo ara ẹ̀ ni? Mo rò pé ọ̀kan náà ni wá."

Mo dìde. Mo kọjá ìlà. Mo fi téèpù wọ̀n apá rẹ̀ láti abíyá dé orí ìka: ínṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo wọ̀n tèmi: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ínṣì mẹ́ta! Nígbà tí inú bá bí mi, ọ̀wọ̀ máa ń jábọ́ lẹ́nu mi. "Ìwọ ọkùnrin yìí! Ọjọ́ mẹ́wàá lo fi gbé mi kọ́ sókè ọ̀run, tó o wá ní ara mi ló le! Àjèjì tó yà wọlé wá fi páńpù, o wò ó. Èmi tí mò ń bá ẹ sùn, o ò wò mí! Àwa tá a jẹ́ aránṣọ, bá a bá fi ara wa wọ̀n aṣọ oníbàárà, ṣé ẹnì kan á tún padà wá bá wa?"

Ó gbọ́ ọ títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ṣòkòtò tí mo rán fún un ló wọ̀. Bọ́tìnnì ìbàdí kò dé ojú ihò rẹ̀, ó jìnnà sí i gan-an ni. Rọ́bà inú táyà kan tó gé tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ó ní, "Ìwọ náà, ìgbà wo lo wọ̀n mí kẹ́yìn?"

N kì í wọ̀n ọ́n. Kí ni mo fẹ́ wọ̀n ọ́n fún? Mo mọ̀ ọ́n lórí: ìbàdí, ínṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, láti ọdún tó fẹ́ mi. Mo fi téèpù yí i ká níbẹ̀. Ogójì, ó sì ń fa ikùn sínú.

"Ọdún mélòó?" ni mo bi í.

"Ó tó mẹ́jọ. Tá a bá lọ síbi tí mo gbọ́dọ̀ ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò, mi ò kì í mí, mo máa ń yá èémí ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

Ó wò mí. "Òfin ni."

Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ méjì ló wà nílé wa, kò sì sí èyí tó rántí gbẹ́ èèkù ìkejì. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà bẹ̀rẹ̀, rọ́bà náà sì já pẹ́ú! Ó di ṣòkòtò mú, a rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí ilẹ̀ láàárín àwọn táyà. Agẹrun sáré dé pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. Ó ti fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú irun apá kan. "Ẹnì kan kú ni, àbí ẹnì kan bímọ?" ló ń bi wá.

Ibẹ̀ la ti fagi lé òfin náà. Ìlà ṣọ́ọ̀kì nìkan la fi sílẹ̀, nítorí gíríìsì kì í gbọ́ àlàyé. Mo gba sípánà lọ́wọ́ ọkọ mi, mo fi apá ara mi wọ̀n ìjókòó mi, mo sì dè é fúnra mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú àgbàlá ilé ìwé, mo tẹ pẹ́dà, orúnkún mi kàn tẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, bó ṣe yẹ. Ìbàdí mi jókòó jẹ́ẹ́. Mo fa bíréèkì ẹ̀yìn, mo fa tiwájú, mo gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó, mo sì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ wà níbẹ̀. Mo dúró! Mo tún lọ, mo tún dúró, ó lé ní ogún ìgbà tí mo dúró lásán, torí pé mo lè dúró. Ara mi kò le rárá. Kò le rí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé la gbéra. Mo fi ìka méjì wọ̀n àlàfo tó wà láàárín akoto àti ìpéǹpéjú mi, mo di okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Ọkọ mi gun tirẹ̀ tẹ̀ lé mi, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi. "Jíà! Yí jíà kó o tó dé òkè, má dúró dìgbà tó bá le! Yẹra fún ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó dúró!" Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ afárá, mo dúró, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, mo yíjú sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí."

"Jẹ́ kí n sìn ọ́ dé àárín, ó kéré tán."

"Bí ẹ bá tẹ̀ lé mi, ohùn yín ni màá máa gbọ́, mi ò ní gbọ́ ti afárá."

Ó ronú sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà iwájú mi, ó tẹ ti ẹ̀yìn, ó ní, "Ó dáa." Mo mọ̀ pé àyà rẹ̀ ń já. Tèmi náà ń já, ẹ jẹ́ n má parọ́.

Mo yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù kí n tó gun òkè. Atẹ́gùn wá láti ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́ tì mí. Mo dẹ ọwọ́ mi, nítorí ẹni tó bá gan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú ni atẹ́gùn ń rí gbá. Níbi tí irin ti pàdé irin, mo kọjú sí i gbọnrangandan, n kò gbà á ní ẹ̀gbẹ́. Òṣìṣẹ́ kan tó wọ akoto yẹ́lò gbé okùn kúrò lọ́nà fún mi. "Ẹ rọra o, Mọ́mì!" Mo lu agogo fún un. Nígbà tí mo dé orí òkè afárá, odò wà nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà níwájú, mo fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí pẹ́dà láìtẹ̀ ẹ́, mo sì kọ orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú dé òdìkejì. Ogún ìṣẹ́jú ó dín díẹ̀ ni mo fi dé ẹnu ọ̀nà ọmọ mi, pẹ̀lú gbogbo dídúró.

Ó ṣílẹ̀kùn, ìkókó wà lórí èjìká rẹ̀, ó ń ké. Irun ọmọ mi dúró gangan ní apá kan. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá ẹni tó bá mi wá.

"Ta ló gbé yín wá?"

"Ẹsẹ̀ mi."

Ó wo akoto. Ó wo ṣòkòtò. Ó wo kẹ̀kẹ́ tí mo fi ti ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Lọ sùn."

"Ó máa ké, Mọ́mì. Ó máa ń ké tó bá rí yín."

"Jẹ́ kó ké. Kò sóhun tó ń lé wa. Gbogbo àárọ̀ la ní."

Ó sì ké lóòótọ́. Ó wo ojú mi, ó ké. Ó wo akoto tí mo gbàgbé sórí, ó dákẹ́ díẹ̀ láti rò ó wò, ó tún ké. Mo wẹ̀ ẹ́, mo wọṣọ fún un, mo sọ fún un pé òótọ́ ló sọ, àlejò ni mo jẹ́, ẹ̀bi afárá ni. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó sùn lé àyà mi. Mo gbé e wọ yàrá. Ìyá rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ gbalaja pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó sì la ojú díẹ̀.

"Ọjọ́ wo lẹ tún ń bọ̀?" Ó ti kọ ojú sí ògiri kó tó bi mí, kí n má bàa rí i.

"Lọ́la."

"Lọ́la tó jẹ́ ọ̀la?"

"Lọ́la tó jẹ́ ọ̀la. Àti ọ̀tunla. Àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di etí ṣòkòtò mi mú, nígbà tí mo sì wò ó, ó ti sùn lọ.